Ìdálẹ̀ Tí Kò Mú Mi Sanra

Nílùú wa ní Sákétẹ́, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ síbì kankan, ṣùgbọ́n tí tọmọdé tàgbà mọ̀: ẹni tó bá lọ sí ìdálẹ̀ gbọ́dọ̀ sanra bọ̀. Bó bá kọ́lé, ó dára. Bó bá ra mọ́tò, a ó bá a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ará ilé kọ́kọ́ ń wò. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá kún, wọ́n á ní Èkó gbà á. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wọlé, kò sí ẹ̀bùn tó lè gbé wálé tí wọn kò ní fi ojú àánú gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò mọ̀ pé èmi àti òfin yìí máa jọ wọ̀yá ìjà nígbà tí mo kúrò nílé. Okokomaiko ní Èkó ni mo dé sí, ní àwọn ọdún tí sójà ń ṣèjọba ní Nàìjíríà, tí bẹntiróòlù sì wọ́n bí ojú. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni Sákétẹ́ wà, téèyàn bá ti kọjá ibodè Sẹ̀mẹ̀ tó sì ti la Àjàṣẹ́ kọjá. Kò jìnnà. Ẹni tó bá rí ọkọ̀ wọ̀ ní kùtùkùtù ní Okoko lè jẹun ọ̀sán ní Sákétẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ti wá mọ̀ pé ìdálẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ibi tí wọn kò bá ti mọ orúkọ bàbá rẹ, ìdálẹ̀ ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yẹn ni Ìyá Oníbúrẹ́dì, ọ̀gá mi. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, obìnrin gíga tí fúláwà kì í kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá sọ̀rọ̀ níwájú ààrò, ẹni tó wà lẹ́bàá títì á dáhùn. Ọjọ́ tí mo wá wáṣẹ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Sákétẹ́ ni mo ti wá, mà."

"Ibo nìyẹn?"

"Lọ́hùn-ún, lẹ́yìn Àjàṣẹ́, mà."

"Háà! Ègùn ni ẹ́!"

"Rárá o, mà. Yorùbá ni wá. Yorùbá là ń sọ nílé wa."

"Mo ń gbọ́ ọ," ló wí, inú rẹ̀ sì dùn sí mi gan-an. "O gbọ́ Yorùbá dáadáa fún Ègùn."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di Ègùn ní gbogbo Okoko. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn Ègùn tòótọ́ tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ wa a máa sọ èdè wọn sí mi, bí n kò bá sì lè dá wọn lóhùn, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní ẹ wo ọmọ tí Èkó ti mú gbàgbé èdè ìyá rẹ̀. Bí mo ṣe pàdánù ẹ̀yà kan tí mo ní nìyẹn, tí mo tún gba ìbáwí lórí èkejì tí n kò ní.

Iṣẹ́ mi ni kí n fi kẹ̀kẹ́ pín búrẹ́dì. Ọkọ̀ wà ní ilé búrẹ́dì náà, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀wọ́n epo, adìẹ ló ń sùn nínú rẹ̀. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé epo yìí kan náà, tí àwọn ará Okoko ń tò fún láti ìdájí, inú ìgò ló wà lórí tábìlì lójú pópó Sákétẹ́, tí àwọn ará ilé mi ń tà á láì sí ìjàngbọ̀n. Epo Nàìjíríà ti lọ sí ìlú mi, èmi sì ti wá sí Nàìjíríà. Ó jọ pé a kọjá lára wa ní Sẹ̀mẹ̀ láì kí ara wa.

Kẹ̀kẹ́ dúdú wíwúwo kan ni wọ́n fún mi, pẹ̀lú àpótí pákó tí wọ́n dè mọ́ káríà ẹ̀yìn rẹ̀. Ní àárọ̀ kùtù màá gbé búrẹ́dì gbígbóná láti Okoko lọ sí Ìbà, màá kọjá lẹ́nu géètì yunifásítì, màá yí padà sí Ọ̀jọ́, màá sì parí rẹ̀ sí ọjà tó wà nínú bárékè àwọn sójà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọdá títì márosẹ̀, mo dúró sẹ́bàá rẹ̀ títí búrẹ́dì fi tutù. Tírélà ń kọjá, bọ́ọ̀sì ń kọjá, ọ̀kadà ń gba àárín wọn. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà wò mí títí, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá Búrẹ́dì, ṣé Ọ̀jọ́ tòní lẹ ń lọ àbí tọ̀la?" Ojú tì mí ni mo fi sọdá.

Ẹ má bínú sí mi bí mo bá ń fi ara mi ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà yẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Ìsinmi ló burú jù. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á lọ sọ́dọ̀ ẹbí wọn, ilé búrẹ́dì á dákẹ́, ààrò á tutù, èmi á sì jókòó sórí àpò fúláwà bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Mò ń ṣàárò ìyá mi débi pé bí mo bá rí obìnrin tó ru garawa epo pupa, bí ìyá mi ṣe máa ń rù ú lọ sọ́jà, ọkàn mi á kọ́kọ́ fò sókè kí ojú mi tó mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ohun kan ṣoṣo tó ń tù mí nínú ni kẹ̀kẹ́ yẹn. Màá gbé e, màá máa wà á lọ lẹ́bàá títì láì gbé ẹrù kankan, títí afẹ́fẹ́ á fi gbẹ omi ojú mi. Kẹ̀kẹ́ kì í bèèrè ọmọ ibo ni ẹ́.

Ní Ìbà ni mo ti pàdé Dókítà. Dókítà ìwé ni, kì í fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Yunifásítì ló ti ń kọ́ni, ọmọ Èkìtì sì ni, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó bá ń bọ̀ wá gba búrẹ́dì. Nígbà tó lọ kàwé ní òkè òkun, ó ti gun kẹ̀kẹ́ eré ìje, ó sì gbé ọ̀kan bọ̀ wálé, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Ó fi í sínú yàrá àlejò, ó sì ń jẹ iyán níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́. Àfìgbà tí dókítà abẹ́rẹ́ sọ fún un pé kó yára wá nǹkan ṣe sí ara rẹ̀ ló tó rántí pé kẹ̀kẹ́ wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí mi tí mò ń gun orí afárá pẹ̀lú àpótí tó kún, tí n kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ ní kẹ̀kẹ́?" ló bi mí nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Búrẹ́dì ni, sà. Tí mo bá sọ̀, á tutù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́jọ́ Sátidé, tó o bá parí iṣẹ́, wá. Àwa mélòó kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Agbára. N kò fẹ́ dá nìkan gbẹ́yìn mọ́."

Ìyẹn ni pé ó ń wá ẹni tó máa bá a gbẹ́yìn. Mo lọ.

Ẹgbẹ́ kékeré ni wọ́n: sójà méjì láti bárékè, ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe ní Alaba, Dókítà àti èmi. Bí Dókítà ṣe rí ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi, ó mú sípánà, ó sì gbé e sókè gan-an. Nígbà tí mo wà á padà sí ilé búrẹ́dì, àwọn apòyẹ̀fun, àwọn tó ń po fúláwà, ń béèrè bóyá mo fẹ́ na ọwọ́ mú òṣùpá ni. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni orúnkún tó ti ń dùn mí tipẹ́ dákẹ́.

Ìlànà Dókítà kò ṣòro láti gbọ́, ṣíṣe rẹ̀ ló le. Mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Jẹun díẹ̀ kí ebi tó dé, má dúró de ebi. Bó o bá fi agbára gùn ún lónìí, fi ẹ̀sọ̀ gùn ún lọ́la. Ìsinmi náà, iṣẹ́ ni. Àti èyí tó máa ń pariwo rẹ̀ láti ẹ̀yìn mi, torí ẹ̀yìn ló máa ń wà:

"Má gún un! Ìwọ ń gún iyán sórí pẹ́dà! Yí i! Yí i bí ẹni ń ro ọkà! Fẹ̀sọ̀, má sì dáwọ́ dúró!"

Èkìtì ni, gbogbo àpẹẹrẹ rẹ̀, inú ìkòkò ló ti ń wá. Ṣùgbọ́n ó tọ̀nà. Bí mo ṣe dẹ́kun gígún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, kẹ̀kẹ́ búrẹ́dì fúyẹ́ lábẹ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Mò ń tẹ̀lé àwọn sójà tó ń sáré pẹ̀lú orin ní bárékè, mò ń na ẹsẹ̀, mò ń sùn lọ́sàn-án. Oorun ọ̀sán yìí dá ìjà sílẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró lé mi lórí, ó ní, "Ṣé àìsàn ni àbí ọ̀lẹ?" Mo ní, "Dókítà ló ní kí n sinmi, mà." Ó sáré lọ bu àgbo fún mi kí n tó lè ṣàlàyé irú dókítà tó jẹ́.

Ara mi le bí ara ẹ̀wọ̀n irin. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí itan. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò fẹ́ràn rẹ̀. Á fi ìka tẹ eegun ẹ̀yìn mi, bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ ti àgbò ní Alaba Rago kí wọ́n tó ná an, á sì mí kanlẹ̀.

"Ọmọ Ègùn, o ń ba ọjà mi jẹ́. Ta ló máa ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹni tó jọ pé kò rí búrẹ́dì jẹ?"

Nígbà tí Ọdún Àjíǹde dé, ẹgbẹ́ wa bá ẹgbẹ́ mìíràn láti apá Badagry díje láti Okoko lọ sí Agbára àti àbọ̀. Dókítà yá mi ní kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì yá mi ní ṣòkòtò péńpé tó lẹ̀ mọ́ ara, tí òun fúnra rẹ̀ kò lè wọ̀ mọ́. Mo gba ipò kẹta. Ẹ̀bùn mi ni fúláásìkì aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó lára. N kò rò pé mo ti yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Lórí títì yẹn, ẹnì kan kígbe pé, "Okoko! Ẹ wò ó, ará Okoko ni!" Èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọn kò pè mí ní Ègùn. Mo gbé fúláásìkì mọ́yà, ayàwòrán yà mí, mo sì fi fọ́tò náà rán Bọ̀dá Sùlé, ará ilé wa tó máa ń wá ra rédíò ní Alaba, sí ìyá mi. Mo rò pé mo rán ayọ̀ sílé.

Bọ̀dá Sùlé padà wá láti sọ pé ìyá mi fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ní kíákíá, pé ó máa wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Sákétẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Mo lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà ní Okoko, mo tò, wọ́n pe nọ́ńbà ilé ìfìwéránṣẹ́ náà títí ó fi wọlé.

"Màámi, ẹ kú àtijọ́. Ṣé ẹ rí fọ́tò?"

"Mo rí i." Ohùn rẹ̀ tutù. "Ṣòkòtò ta lo wọ̀ yẹn?"

"Ti ọ̀gá mi kan ni, ó yá mi."

"Ti ọmọdé ni. O tún yá a. Ṣé wọn kì í ta ti àgbà ní Èkó ni?"

"Ti eré kẹ̀kẹ́ ni, Màámi. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

"Fúláásìkì yẹn ńkọ́?"

"A sáré ìje ni. Èmi ni mo ṣe ipò kẹta."

"Wọ́n ní kó o sáré títí o fi gbẹ báyìí, wọ́n wá fún ẹ ní fúláásìkì." Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. "Ọkọ mi, bí bàbá rẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Òun náà ní kò sí nǹkan, pé ara òun le. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ lọ."

Ọmọdé ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Ohun tí mo rántí nípa àìsàn rẹ̀ ni pé ilé máa ń dákẹ́.

"Kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, wá kí n fi ojú ara mi rí ẹ," ló wí. "Bí mo bá rí ẹ bó o ṣe rí nínú fọ́tò yìí, mo fi Ọlọ́run búra, o ò padà síbẹ̀ mọ́."

Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ tẹlifóònù ní, "Bọ̀dá, time yín ti tó o." Mo gbé e kalẹ̀. Mo bọ́ síta. Mo mọ ìyá mi. Bó bá búra, ó tán. Ilé búrẹ́dì, Sátidé wa, títì tí wọ́n ti pè mí ní ará Okoko, gbogbo rẹ̀ máa lọ nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí n sanra. Mo sọ fún Ìyá Oníbúrẹ́dì, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ìjọba gbé iṣẹ́ fún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ mi. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì láàárọ̀, ògì oníwàrà lẹ́yìn rẹ̀, àkàrà láàárín, ẹ̀bà pẹ̀lú oríṣiríṣi ọbẹ̀ lálẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ á tẹ ẹ̀yìn mi wò. Eegun wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. "Ibo ló ń gbé e sí?" ló máa ń bi àwọn apòyẹ̀fun, bí ẹni pé wọ́n ń bá mi gbé e pamọ́. Dókítà ní ṣe ni mo máa dá kẹ̀kẹ́ gígùn dúró ná. Mo dá a dúró, Ìyá Oníbúrẹ́dì sì gba kẹ̀kẹ́, ó ní kí ẹlòmíràn máa bá mi pín búrẹ́dì. Ẹsẹ̀ ń yún mi, oorun kò kùn mí, mò ń kanra mọ́ gbogbo èèyàn, títí àwọn apòyẹ̀fun fi lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Oníbúrẹ́dì pé kó jọ̀ọ́, kó dá kẹ̀kẹ́ padà fún mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kò sì yí padà. Irú ojú tí wọ́n bí mọ́ mi ló kúkú rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo sọ fún Dókítà pé bí ojú kò bá gbà, n ó fi ẹsẹ̀ ṣàlàyé. "Màá gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé, sà. Láti ibí dé ẹnu ọ̀nà Màámi. Tó bá rí i pé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe máa ní mo ń ṣàìsàn?"

Dókítà na ọwọ́ sí mi. Ó ní òun kò gbọ́ irú ẹ̀rí tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Oníbúrẹ́dì nìkan ni kò bá wa yọ̀. "Kẹ̀kẹ́? Láti Okoko dé ìlú Ègùn? Wọ́n á ní n kì í fún ẹ lówó ọkọ̀ ni!"

Èmi àti Dókítà rẹ́rìn-ín. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé bá gun kẹ̀kẹ́ tó ga tó òṣùpá, kò lè rí i.

A múra. Lọ́jọ́ Sátidé mo ń lọ kọjá Agbára, lẹ́yìn náà mo ń lọ dé Badagry kí n tó yí padà, pẹ̀lú àpótí tí mo fi àpò iyanrìn sí kó lè tẹ̀wọ̀n. Kẹ̀kẹ́ búrẹ́dì ni mo máa gùn, torí táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ti Dókítà kò lè fara da ọ̀nà wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, Ìyá Oníbúrẹ́dì to búrẹ́dì kún àpótí, ó da tíì sínú fúláásìkì mi, ó sì tún tẹ eegun ẹ̀yìn mi lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ọ̀rá ti dé lóru.

Ọ̀nà kò ní ìtàn. Mo yí i, n kò gún un, mo sì dé.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí mi ní àdúgbò wa ni Ìyá Alátẹ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ó gbé ọwọ́ lérí. "Ẹ wá o! Kẹ̀kẹ́ ló gùn bọ̀ láti Èkó!"

Mo gbé àyà sókè. Mo rò pé oríyìn ni.

"Kẹ̀kẹ́!" ó tún ké. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé mọ́tò bọ̀! Yéè, Èkó ti jẹ ọmọ ọlọ́mọ tán!"

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, àdúgbò ti pé. Wọ́n ń wo bí òógùn ṣe gbẹ mọ́ mi lára, wọ́n ń wo ṣòkòtò péńpé mi, àwọn obìnrin ń nu ojú. Ẹnì kan gbé gàárì wá. Ẹnì kan gbé iṣu wá. Bàbá Ràfíù, tó ti darúgbó tí kò ríran dáadáa mọ́, fi ọ̀pá rìn wá, ó sì fi ṣòkòtò rẹ̀ kan tí wọ́n ti lọ̀ lé mi lọ́wọ́. "Wọ èyí, ọmọ mi," ló wí jẹ́jẹ́. "Ìgbà kì í lọ bí òréré. Má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì ẹ́." Mo ń pariwo pé mo lówó ọkọ̀, pé ó wù mí ni mo fi gùn ún. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ tó ni àánú mi ń ṣe wọ́n tó, torí wọ́n rí i pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan.

Ìyá mi kò sunkún. Ó yọ ojú láàárín wọn, ó wá, ó sì gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń tẹ eegun ìhà mi níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ti kẹ̀kẹ́ náà wọ yàrá rẹ̀, ó fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró.

"Lọ jẹun," ló wí. "O ti dé nìyẹn."

Gbogbo ohun tí mo fi oṣù kan kọ́ ara mi, ó ti di ẹ̀rí lòdì sí mi. Mo jókòó ti oúnjẹ, mo ń wo ìró yẹn. Inú bí mi, ó sì tún dùn mí, nítorí mo rí i bó ṣe ń fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà léraléra, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ọjà. Ìyá mi gbé agolo epo pupa rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà de ọkọ̀ tí kò dé. Oòrùn ti ń yọ. Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ."

"Ta? Èmi àgbà?"

"Bàbá máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé yín. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi."

Ó wo ọ̀nà, ó wo agolo. Nígbà tó yá, ó tú kọ́kọ́rọ́, ó sì tún un so lẹ́yìn tí mo ti gbé kẹ̀kẹ́ jáde, kí n má bàa rò ó sí nǹkan mìíràn. Mo tú àpótí kúrò. Ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ sórí káríà, ó gbé agolo lé itan, ó sì di aṣọ mi mú lẹ́yìn. Ìyá mi kì í ṣe obìnrin kékeré. Òun ní tirẹ̀ pa òfin Sákétẹ́ mọ́ láì kúrò nílé.

Ìyá Alátẹ rí wa, ó tún gbé ọwọ́ lérí.

A ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí a fi dé ìsàlẹ̀ òkè tó wà kí a tó wọ ọjà. Òkè gígùn ni. Ìyá mi lù mí lẹ́yìn.

"Sọ̀. Ibí ni bàbá rẹ ti máa ń sọ̀, ká jọ fẹsẹ̀ rìn ín. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le náà, ibí ló ti máa ń sọ̀."

"Ẹ jókòó, Màámi."

"Sọ̀, mo ní."

N kò sọ̀. Mo rántí afárá Ìbà, mo rántí Dókítà tó ń pariwo láti ẹ̀yìn. Mo ń yí i. Kẹ̀kẹ́ ń han, epo ń mì nínú agolo, n kò wo òkè, n kò sì dáwọ́ dúró. Ní àárín òkè ni mo mọ̀ pé ó ti fi aṣọ mi sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló tẹ́ sí ẹ̀yìn mi, pẹrẹsẹ, bí ìgbà téèyàn ń wò bóyá ara ọmọ ń gbóná. Kò tẹ eegun. Èémí mi ló ń gbọ́. Ọwọ́ náà wà níbẹ̀ títí a fi dé orí òkè.

"O ò mí hẹlẹhẹlẹ," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré.

"Rárá, Màámi."

A wọ ọjà. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn elépo ẹgbẹ́ rẹ̀ yí wa ká, wọ́n ti gbọ́ ìròyìn mi láti àná. Ọ̀kan nínú wọn di ẹnu mú. "Ìyá, ọmọ yín mà gbẹ o!"

Ìyá mi tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó wo obìnrin náà láti òkè délẹ̀.

"Ta ló gbẹ?" ló wí. "Lọ jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ná."

Lẹ́yìn náà ló tú etí ìró rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. "Padà síbi iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó o bá tún ń bọ̀, kó o tó wọ Sákétẹ́, wọ ṣòkòtò."

Ọkọ̀ ni mo wọ̀ padà, mo gbé kẹ̀kẹ́ sórí rẹ̀, torí kẹ̀kẹ́ kan kò lè ru gàárì, iṣu àti àánú àdúgbò. Ìyá Oníbúrẹ́dì rí àwọn ẹ̀bùn náà, kò bèèrè nǹkan kan. Ó kàn rẹ́rìn-ín títí omi fi fọ fúláwà ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo pẹ́ ní Okoko lẹ́yìn ìyẹn. Ègùn ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, ará Èkó ni wọ́n ń pè mí ní Sákétẹ́, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Bí ìyá mi bá fóònù, ó máa ń kọ́kọ́ bèèrè bóyá mo ti jẹun, lẹ́yìn náà ó máa ń bèèrè kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń bèèrè ìyàwó ilé.

Títí ó fi kú, kò gbà fún mi rí pé mo sanra tó. Kò sì gbà fún ẹnikẹ́ni kó sọ pé mo gbẹ.